Ọgbà Igbó Orílẹ̀-èdè àti Àwọn Ibi Ìtàn ní Nàìjíríà: Láti Costain Dé Ọ̀yọ́-Ilé

Ọgbà igbó orílẹ̀-èdè ni igbó tàbí ọ̀dàn tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin yà sọ́tọ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko, ṣọdẹ tàbí gé gẹdú níbẹ̀, kí ẹranko, igi àti omi ibẹ̀ lè wà fún ìran tó ń bọ̀. Ibi ìtàn ni ilé, odi ìlú, ojúbọ, àpáta tàbí ahoro tí ohun ńlá ti ṣẹlẹ̀, tàbí tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ṣì wà. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìjọba méjì ló pín wọn mọ́wọ́. National Park Service, tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò àyíká, ló ni ọgbà igbó. Àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí, èyí tí a mọ̀ sí NCMM, ló ni ibi ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá débẹ̀ kì í rí ààlà tí ìwé pa sí àárín méjèèjì. Inú ọgbà igbó ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ojúbọ Ọ̀ṣun ló dá igbó Ọ̀ṣun sí. Abẹ́ igbó kìjikìji Òkòmù ni àpáàdì àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí wà. Igbó àti ìtàn jọ ń gbé ni, bí a bá sì pàdánù ọ̀kan, èkejì kì í pẹ́ tẹ̀ lé e.

Àyọkà yìí gbà láti Costain wo àwọn ibi wọ̀nyí, nítorí pé oríta náà sún mọ́ gbọ̀ngàn àṣà tó tóbi jù lọ ní ìlú Èkó, ó sún mọ́ ọgbà rélùwéè àtijọ́, kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn.

Costain àti àyíká rẹ̀

Costain ni oríta tó wà láàárín Ìgànmú, Ìpónrí àti Èbúté-Mẹ́ta. Orúkọ ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ́ ibẹ̀ lára. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yìngbò, Ojúẹlẹ́gbà, Ọ̀rílé, Ọ̀ṣòdì àti Ìsàlẹ̀ Èkó ti ń yà sí ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò tó ń sáré wọkọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ ni kì í rántí pé ibi ìtàn ni àwọn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

National Theatre ni àkọ́kọ́. Ilẹ̀ àbàtà Ìgànmú ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn ará Bùlùgéríà ló gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì wo gbọ̀ngàn kan ní ìlú Varna nílẹ̀ wọn kọ́ ọ. Ọdún 1976 ni wọ́n parí rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ rí bí fìlà àwọn ọ̀gá ológun, èèyàn sì lè dá a mọ̀ láti orí afárá tó jìnnà. Gbọ̀ngàn ńlá inú rẹ̀ gba nǹkan bí 5,000 èèyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ètò FESTAC ti wáyé, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti gbogbo àgbáyé péjọ sí Èkó fún ijó, orin, eré àti àpérò. Àmì FESTAC ni ojú Ìyá Ọba Ìdíà ti Bìní, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó ojúlówó rẹ̀ lọ ní 1897, nígbà tí Nàìjíríà sì bẹ̀bẹ̀ fún un nítorí FESTAC, mùsíọ́ọ̀mù ìlú Lọ́ńdọ̀nù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò yọ̀ǹda rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ilé náà fi gbó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́ ní oṣù keje ọdún 2024. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Mílẹ̀ Tú lọ sí Marina, tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ibùdó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìkejì ni ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Nínú ọgbà náà ni Jaekel House wà, ilé alájà kan tí wọ́n kọ́ ní 1898 fún ọ̀gá rélùwéè. Ó ní fáráńdà gbọọrọ tó fi ń gba atẹ́gùn. Ilé náà ti fẹ́ wó tán kí ẹgbẹ́ Legacy, tí àwọn tó fẹ́ràn ilé àtijọ́ dá sílẹ̀ ní 1995, tó tún un ṣe, tí wọ́n sì sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù kékeré fún ìtàn ojú irin. Àwòrán àtijọ́ àti irinṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níbẹ̀. Ilé yìí jẹ́rìí pé àwọn aráàlú lè gba ohun ìtàn là bí wọ́n bá fi ọkàn sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar ní òdìkejì afárá fi hàn bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí kò bá sí ẹni tó dúró ti ilé. Ìta Tinúubú ni ilé náà wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé alájà tí àwọn tó padà dé láti Brazil kọ́ ní 1855, tí fèrèsé àti òpó rẹ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà hàn. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí katapílà dé, kò sí ẹni tó dá a dúró.

Bí ètò ìpamọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí òyìnbó tó dé ni ilẹ̀ Yorùbá ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti dá igbó sí. Ìlú ńlá máa ń ní igbó ilé, ìyẹn igbó dídí tó yí odi ìlú ká, tí kì í jẹ́ kí ọ̀tá ráyè wọlé. Igbó orò àti igbó òrìṣà wà, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ki àdá bọ̀. Àwọn ọdẹ mọ àsìkò tí ẹran ń lóyún, wọ́n sì mọ èèwọ̀ igbó kọ̀ọ̀kan.

Lórí àgbáyé, Yellowstone ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1872, ni ọgbà igbó orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́. Ní Nàìjíríà, ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ ya igbó sọ́tọ̀ nítorí gẹdú, ká tó wá rò ti ẹranko. Yankari, ní ìpínlẹ̀ Bauchi lónìí, di igbó ìpamọ́ ẹranko ní 1956. Òfin 1979 ló dá ọgbà igbó orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Kainji. Ní 1991, ìjọba fi Ọ̀yọ́-Ilé, Cross River, Gashaka-Gumti, Chad Basin àti Yankari kún un. Ní 1999, Òkòmù àti Kamuku dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀ dá Yankari padà fún ìpínlẹ̀ Bauchi ní 2006, ó wá ku méje. Nígbà ìjọba Buhari, wọ́n fọwọ́ sí mẹ́wàá mìíràn, iye wọn sì di 17.

Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ìpamọ́ ohun ìtàn gbà. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927, rí bí wọ́n ṣe ń kó ère àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ sókè òkun, ó sì ké sí ìjọba títí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ìtọ́jú wọn lé e lọ́wọ́. Mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣí ní 1945 ní Èsìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000 tí wọ́n bá nínú igbó ibẹ̀: ọkùnrin, obìnrin, ológun, onílù, tí wọ́n jókòó sórí àpótí. Mùsíọ́ọ̀mù Jos tẹ̀ lé e ní 1952, ti Oníkàn ní Èkó sì ṣí ní 1957. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní 1953, òfin 1979 sì dá NCMM sílẹ̀.

Ọ̀yọ́-Ilé: ìlú tó wà nínú igbó

Kò sí ibi tí igbó àti ìtàn ti so kọ́ra bí Ọgbà Igbó Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́-Ilé. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó gba apá àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì kan ààlà Kwara. Odò Ògùn àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ló ń fún un lómi, ìdídò Ìkẹ̀rẹ̀ sì wà ní apá gúúsù rẹ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Tẹdé, Ìgbòho àti Ìgbẹ̀tì wà lára àwọn ìlú tó yí i ká. Nínú rẹ̀ ni ẹfọ̀n, ìgalà, ẹtu, ìmàdò, ijímèrè àti oríṣiríṣi ẹyẹ wà.

Olú ìlú àwọn Aláàfin ni Ọ̀yọ́-Ilé. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìjọba tó tinú ìlú yìí jáde gba ìṣákọ́lẹ̀ títí dé Dahomey, ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì dẹ́rù ba gbogbo ọ̀dàn. Arìnrìn-àjò òyìnbó kan, Hugh Clapperton, àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1826, wọ́n sì bá Aláàfin lórí ìtẹ́. Lander àti àbúrò rẹ̀ padà wá ní 1830. Ìlú náà kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi tú. Ọ̀tẹ̀ abẹ́lé ti jẹ ìjọba náà nínú, Ìlọrin ti yapa, Aláàfin Olúewu sì ṣubú nínú ogun Ẹléduwẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1830. Àwọn tó kù ṣí lọ sí gúúsù, Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́-Ọ̀jà.

Igbó gba ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀, ó sì tún jẹ́ ààbò fún un. Ẹni tó bá bá ẹ̀ṣọ́ igbó wọ ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí iná bá ti jó koríko, yóò rí òkìtì gbọọrọ tó jẹ́ ìyókù odi ìlú. Yóò rí àpáàdì tó fọ́n ká sílẹ̀, kòtò roboto tí àwọn obìnrin fi ọlọ gbẹ́ sínú àpáta níbi tí wọ́n ti ń lọ ọkà, àti igi osè ràbàtà tó dúró níbi tí àwọn èèyàn ti gbé rí. Osè sábà máa ń wà níbi tí èèyàn bá ti gbé, torí ewé rẹ̀ jẹ́ ọbẹ̀, èso rẹ̀ sì ṣeé jẹ. Nítorí náà, ẹni tó mọ igi lè fi osè mọ ibi tí agboolé wà. Níbí, ẹni tó gé igi ti gé ìwé ìtàn.

Bàrà, ibi tí wọ́n ń sin àwọn Aláàfin sí, wà nínú ọgbà náà. Ìgbòho, tó jẹ́ olú ìlú fún sáà kan nígbà tí àwọn Tápà lé àwọn Ọ̀yọ́ kúrò nílé, kò jìnnà síbẹ̀, igbó ọba rẹ̀ sì ni ibojì àwọn Aláàfin tó wàjà níbẹ̀ wà. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́-Ilé láti àwọn ọdún 1950. Àwọn onímọ̀ bíi Babátúndé Agbájé-Williams àti Akínwùmí Ògúndìran ti fi ìwádìí wọn hàn pé ìmọ̀ nípa ìjọba Ọ̀yọ́ kò tíì tán nínú ilẹ̀. Ohun tí Samuel Johnson gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, tó kọ sínú ìwé tó jáde ní 1921, ni àpáàdì àti odi ń jẹ́rìí sí báyìí, tí wọ́n sì ń tún apá kan rẹ̀ sọ.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó 75 hẹ́kítà létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìtàn ìlú sọ pé Lároòyè àti Olútìmẹ́yìn bá òrìṣà odò náà mulẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Láti ìgbà náà ni èèwọ̀ ti wà pé a kì í ṣọdẹ, a kì í pa ẹja, a kì í sì í gé igi níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní irú igbó yìí rí, ṣùgbọ́n oko àti ilé ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ní àwọn ọdún 1950, ti Òṣogbo náà fẹ́ lọ. Àwọn kan ti ń gé igi, àwọn mìíràn sì ń fẹ́ ra ilẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, wọ ẹ̀sìn òrìṣà, wọ́n sì fi í joyè Àdùnní Olórìṣà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé tún àwọn ojúbọ kọ́ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, irin, igi àti amọ̀. Wọ́n gbẹ́ ère ńláńlá síbi tí àwọn agégi ń gbà wọlé, àwọn olùjọ́sìn sì dúró tì wọ́n. Ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú lẹ́yìn náà. UNESCO fi í sára Ohun Àjogúnbá Àgbáyé ní 2005. Wenger kú ní 2009, ní ìlú tó gbà á bí ọmọ.

Lónìí, ọ̀bọ ń fò láti orí igi sórí ògiri ojúbọ, omi ń ṣàn lábẹ́ afárá, àwọn èèyàn sì ń rọ́ wá láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà fún ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, nígbà tí Arugbá yóò ru igbá lọ sí odò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ba odò náà jẹ́ kò wá láti inú igbó. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ kí àwọn olùjọ́sìn má mu ún. Ọgbà kò lè dá ara rẹ̀ gbà là nígbà tí ìdọ̀tí bá ń ṣàn wọlé láti orísun.

Àpáta, odi àti etí òkun

Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní nǹkan bí 1830, pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ níwájú wọn, nígbà tí ogun ti tú ìlú wọn ká. Abẹ́ àpáta náà ṣì fi ìgbé ayé wọn hàn: ibi tí wọ́n sùn, àti kòtò tí àwọn obìnrin ti ń lọ ata àti ọkà. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n sì fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i fún àwọn tí kò lè gun òkè. Ojúbọ ibẹ̀ kò parẹ́, àwọn ìyálóòṣà sì ṣì ń tọ́jú rẹ̀.

Òkè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ìlú odindi lórí àpáta. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni èèyàn yóò gùn kó tó dé àfonífojì tí ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ wà. Ní àwọn ọdún 1920 ni àwọn ará ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Eredo Ṣùngbọ́ yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Kòtò àti òkìtì rẹ̀ ga tó 20 mítà níbi kan, èyí tó fi í sára iṣẹ́ odi amọ̀ tó tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Òkè-Eri ni wọ́n ti ń bọ ibojì Bílíkísù Ṣùngbọ́, obìnrin tí odi náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Igi àti ewé ló ń di amọ̀ odi náà mú, nítorí náà ibi tí wọ́n bá ti pa igbó, òjò á wó o.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 bá orí idẹ tí ó mú kí gbogbo àgbáyé tún ìrò wọn pa nípa iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn dúró ní ìlú kan náà.

Àgbádárìgì ní etí òkun ní ìtàn tó wúwo jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta èèyàn, tí wọ́n sì ń kó wọn kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, kí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí òdìkejì òkun. Àgọ́ ẹrú Ṣẹ̀ríkí Abass ṣì wà, yàrá kótópó tí wọ́n há èèyàn púpọ̀ mọ́. Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti wàásù ìgbàgbọ́ ní 1842 lábẹ́ igi Àgíà. Ibẹ̀ ni ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì parí ní 1845. Èkó sí ibẹ̀ kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa fi ojú ara wọn rí i.

Igbó kìjikìji àti ọ̀dàn ní àwọn ẹkùn yòókù

Òkòmù, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, jẹ́ ìyókù igbó kìjikìji tó ti bo gúúsù rí. Ọ̀bọ ọrùn funfun tó ṣọ̀wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ bá àpáàdì àti èédú lábẹ́ igi ńláńlá, èyí tó fi hàn pé oko àti abúlé ti wà níbẹ̀ rí, kí igbó tó padà gba ilẹ̀ rẹ̀. Oko ọ̀pẹ àti rọ́bà ló yí i ká báyìí.

Cross River, tó kan ààlà Kamẹrúùnù, ni ilé irú ìnàkí ńlá kan tí iye rẹ̀ ní gbogbo ayé kò tó 300. Gashaka-Gumti, láàárín Taraba àti Adamawa, ló tóbi jù nínú àwọn ọgbà náà, ó lé ní 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Òkè Chappal Waddi, tó ga jù ní Nàìjíríà pẹ̀lú 2,419 mítà, wà ní ìhà ibẹ̀, ìyókù odi ológun àwọn ará Jámánì sì wà lórí òkè Gashaka, láti ìgbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ wọn.

Kainji wà láàárín ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara, ó sì gba apá ilẹ̀ Borgu. Adágún rẹ̀ jáde láti inú ìdídò tí wọ́n ṣí ní 1969, omi náà sì bo Bussa àtijọ́, níbi tí arìnrìn-àjò òyìnbó Mungo Park kú sí ní 1806. Àwọn ará ìlú náà ṣí lọ sí Bussa tuntun. Iná mànàmáná tó ń tàn ní Súrùlérè àti Yábà ní apá kan nínú ẹbọ tí wọ́n rú.

Yankari ní agbo erin tó pọ̀ jù lọ tó ṣẹ́kù ní Nàìjíríà, àti orísun omi Wikki tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí 31°C lọ́sàn-án lóru. Kànga àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta àti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Sukur, lórí òkè Mandara ní Adamawa, ni ibi àkọ́kọ́ tí UNESCO gbà láti Nàìjíríà, ní 1999. Àwọn ará Sukur ṣì ń dáko lórí àwọn ìpele òkúta tí baba wọn tò, ààfin Hidi, ọba wọn, sì wà lókè wọn.

Ní Èkó fúnra rẹ̀, Lekki Conservation Centre, tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990, gba 78 hẹ́kítà àbàtà àti ọ̀dàn. Afárá okùn rẹ̀, tó gùn ní 401 mítà, gba orí igi kọjá. Ẹni tí kò lè rìn jìnnà lè rí ọ̀bọ àti ọ̀nì níbẹ̀ kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ewu tó dojú kọ wọn

Àwọn tó ń gé gẹdú, àwọn tó ń sun èédú, àwọn adaran tó ń wá koríko àti àwọn tó ń wa góòlù wà káàkiri. Àwọn agbébọn ti sọ apá kan Kainji àti Kamuku di ibi ìsápamọ́, ogun Boko Haram sì ba Chad Basin jẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń dáàbò bo ilẹ̀ ńlá pẹ̀lú ọkọ̀ àti ohun ìjà tí kò tó, àwọn kan sì ti fi ẹ̀mí wọn dí i. Wọ́n yẹ fún ọlá tí à ń fún àwọn jagunjagun.

Òfin tó lé ará ìlú kúrò nínú igbó láìfún wọn ní nǹkan kan tún ń dá kún ewu náà. Ọdẹ tí baba rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà inú igbó di ọ̀daràn ní ọjọ́ kan, nígbà tí owó ìbẹ̀wò ń lọ sí ibòmíràn. Níbi tí àwọn ará ìlú ti ní ìpín, bí ti Òṣogbo àti Sukur, ohun ìtàn ń dúró. Níbi tí wọn kò ti ní, igbó ń tán lójú gbogbo wa. Àgbà tó sì jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Bí a ṣe lè rìn ín

Láti Costain, ọ̀nà kúkúrú ni sí ibùdókọ̀ ojú irin Mobolaji Johnson ní Alágómèjì. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù kẹfà ọdún 2021, rin 157 kìlómítà. Ó yà ní Abẹ́òkúta fún ẹni tó ń lọ sí Olúmọ, ó sì parí ní Móníyà, ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Láti Ọ̀yọ́ ni à ń gba àṣẹ lọ́fíìsì ọgbà igbó kí a tó forí lé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tàbí Ìgbẹ̀tì. Ọkọ̀ Àgbádárìgì wà ní Mílẹ̀ Tú.

Oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin ló dára jù fún wíwo ẹranko, torí koríko ti kúrú, ẹran sì ń wá sétí omi. Omi tó ń já láti orí òkè bí Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà dára jù lẹ́yìn òjò. Kí a béèrè nípa ààbò ọ̀nà lọ́wọ́ ọ́fíìsì kí a tó gbéra, kí a mú ẹni tó mọ̀nà dání, kí a gbàyè kí a tó ya àwòrán ojúbọ, kí a má sì mú àpáàdì kankan kúrò nílẹ̀. Àpáàdì tí a bá kó lọ sílé kò lè sọ ìtàn kankan mọ́, nítorí ibi tó wà gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ohun tó yẹ

Kí ìjọba jẹ́ kí National Park Service àti NCMM jọ máa ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́-Ilé, Òkòmù àti Yankari, kí ẹ̀ṣọ́ igbó mọ odi, kí awalẹ̀pìtàn sì mọ igi. Kí apá kan nínú owó ìbẹ̀wò máa lọ tààrà sí ìlú tó yí ọgbà ká, kí wọ́n sì gba àwọn ọmọ ọdẹ síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Kí UNESCO gbọ́ nípa Ọ̀yọ́-Ilé lẹ́nu wa ní kíkún. Kí olùkọ́ ní Súrùlérè, Yábà àti Mushin kó ọmọ lọ sí Jaekel House ní sáà tó ń bọ̀, nítorí ibẹ̀ kò jìnnà, ọmọ tó bá sì ti fọwọ́ kan ìtàn tirẹ̀ ni yóò jà fún un nígbà tó bá dàgbà.